Èwo la ó gbé sí àárín tábìlì? Ìfiwéra oríṣi mẹ́rin ọ̀ṣọ́ tábìlì tó ṣeé jẹ, tí kò fẹ́ iná, fún ìnáwó ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀

Kí ẹ tó bi ara yín pé èwo ló rẹwà jù, ẹ kọ́kọ́ wo aago. Aago mélòó lẹ ó tò ó tán? Aago mélòó làwọn àlejò ó nawọ́ sí i? Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìwé ìpè lè sọ pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí wọ́n má tíì so yìgì títí ọ̀sán fi pọ́n. Àlùfáà ṣì ń ṣe wáàsí, mọ̀lẹ́bí ọkọ ṣì wà lójú títì láti Ọ̀fà, oúnjẹ ṣì wà nínú kúlà. Ohun tí ẹ gbé sí àárín tábìlì nìkan ni kò ní kúlà. Òun ló máa pẹ́ jù nínú ooru, lábẹ́ kánópì.

Wákàtí tó wà láàárín títò àti jíjẹ yìí ni mo fi máa wọn oríṣi mẹ́rin tí mo fẹ́ gbé síwájú yín. Àwọn fọ́tò tí à ń rí lórí fóònù kì í sọ ti wákàtí yẹn. Inú yàrá tútù ni wọ́n ti ń yà wọ́n, kété tí wọ́n bá ti tò ó tán.

Apẹ̀rẹ̀ èso kò ṣàjèjì sí wa. Ẹrù ìdáná tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo kì í ṣàìní èso tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dídán wé. Ṣùgbọ́n ilé ìyàwó ni ìyẹn ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í tú u lójú agbo. Èyí tí à ń sọ níbí, lójú agbo ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹ ò sì ní tan sítóòfù nítorí rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn nǹkan kan nínú rẹ̀ ti rí iná lọ́wọ́ ẹni tó tà á, nítorí kò sí kúlíkúlí tí kò bá epo gbígbóná pàdé. Ṣùgbọ́n nílé tiyín, ọ̀bẹ àti ọwọ́ mímọ́ ló kù.

Igi èso lórí ọ̀pẹ̀ òyìnbó

Èyí làwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù. Ẹ mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá kan, ẹ fi ewé orí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gé ìdí rẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi igi ìtayín gún èso gígé mọ́ ọn lára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ìbẹ́pẹ, wọ́tàmẹ́lọ̀n, kùkúmbà, ọsàn tí a bó. Ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó le tó láti di igi mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó. Kábéèjì ńlá tí a fi fọ́ìlì wé ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í sì í jo omi sórí aṣọ tábìlì. Bí mo bá ní kí n yàn, kábéèjì ni màá yàn, kí n gé ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lé e lórí.

Ní ti ẹwà, kò sí èyí tó lè bá a dù ú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ọ̀bẹ kò tíì kàn. Èso odindi ní èèpo tó ń dáàbò bò ó. Nígbà tí a bá ti gé e, omi dídùn rẹ̀ ti wà níta fún eṣinṣin àti fún àwọn kòkòrò tí ojú kò rí. Ìlànà àwọn tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ni pé èso gígé kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níta ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 32 ti Celsius, wákàtí 1 péré ni. Ní oṣù kẹta, ooru ọ̀sán Ìlọrin a máa kọjá 35. Ẹ wá ṣírò ó: igi èso tí ẹ tò tán ní aago mẹ́wàá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní aago mọ́kànlá, ìyàwó ò tíì kun àtíkè tán.

Ó tún ń gba ọwọ́. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá, kí oníkálukú jẹ ẹyọ mẹ́rin, ogójì igi ìtayín nìyẹn. Tábìlì mẹ́wàá, irinwó. Ẹni tó fẹ́ ṣe é fún gbogbo kánópì, kó yáa wá àwọn àbúrò ìyàwó jọ. Ẹ jẹ́ kí orí igi yọ síta dáadáa kí ọmọdé lè rí i. Igi tó bá rì sínú èso pátápátá lè gún ọ̀fun. Ẹ má lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ápù láìfún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára, wọn á dúdú kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ní ti àsìkò, ẹ wo ohun tó wà lọ́jà ká tó sọ̀rọ̀ owó. Máńgòrò ń pọ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, wọ́tàmẹ́lọ̀n ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kàṣú ń pọn láti oṣù kejì lọ, ó sì pọ̀ ní Kwara. Àwọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e síwájú àwọn tó wọ lẹ́ẹ̀sì. Omi kàṣú tó bá kán sára aṣọ, ọṣẹ ò mọ ohun tó máa ṣe sí i.

Wọ́tàmẹ́lọ̀n fínfín

Ẹ jẹ́ ká gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ igi èso, nítorí àwọn méjèèjì làwọn ènìyàn sábà máa ń kó pọ̀, wọn ò sì jọra rárá.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé kí a gé orí wọ́tàmẹ́lọ̀n, kí a gbẹ́ inú rẹ̀, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a dà á padà sínú èèpo pẹ̀lú èso mìíràn. Ó dára, àmọ́ tí ẹ bá ṣe é báyìí ní òwúrọ̀, aago kan náà tó pa igi èso ló máa pa á.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fọ èèpo rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ kékeré fín in bí àwọn oníṣọ̀nà ṣe ń fín igbá: èèpo ewé nìkan ni kẹ́ ẹ họ kúrò, kí funfun abẹ́ rẹ̀ yọ. Ẹ lè fín orúkọ ọmọ tuntun sí i, ẹ lè fín òdòdó, ẹ lè fín ilà lásán. Ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ dé ibi pupa. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí kò bá sí iná ìjọba, kúlà ńlá pẹ̀lú omi dídì ti tó. Lọ́jọ́ ìnáwó, odindi lẹ ó gbé e sí àárín tábìlì. Inú rẹ̀ ṣì wà ní dídé, eṣinṣin ò rí nǹkan kan mú, òun sì ń ṣe ọ̀ṣọ́ lọ. Nígbà tí àlùfáà bá ṣàdúà tán tí oúnjẹ fẹ́ jáde, ẹ wá là á lójú àwọn àlejò.

Ẹ rí i pé wákàtí tí igi èso kò ní, èyí ní in. Ó sì máa tutù fún ìgbà pípẹ́ nítorí èèpo rẹ̀ nípọn. Fífọ̀ tí mo ní kí ẹ fọ̀ ọ́ kì í ṣe àṣejù: ilẹ̀ ni wọ́tàmẹ́lọ̀n ti wá, orí ọkọ̀ ẹrù ló gùn dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀bẹ tó bá gba ara èèpo ẹlẹ́gbin kọjá máa gbé ẹ̀gbin náà wọ inú lọ.

Tí ẹ bá ń yàn án lọ́jà Mandate tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o jọ sí ẹ̀bá títì, ẹ gbé e wò. Kó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ wo ibi tó fi sùn sílẹ̀: bí ó bá pọ́n bí àgbàdo pupa, ó ti gbó, bí ó bá funfun, wọ́n yára já a. Èyí tó bá wọn kílò 6 máa fún yín ní nǹkan bíi kílò 4 inú pupa, ìyẹn sì tó ènìyàn mẹ́wàá láìsí ìjà. Ẹ gé ìdí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kó má baà yí, ẹ ṣáà ṣọ́ra kẹ́ ẹ má gé e dé inú.

Ibi tí igi èso ti borí rẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ jẹ igi èso kàn máa fa ẹyọ kan yọ ni, kò nílò àwo. Wọ́tàmẹ́lọ̀n ń fẹ́ ẹni tó máa là á, àwo pẹlẹbẹ, bébà ìnuwọ́, àti ibi tí wọ́n máa da èèpo sí. Bí ẹ ò bá ní ẹni tó máa dúró ti tábìlì, wọ́tàmẹ́lọ̀n máa wà ní odindi títí àwọn àlejò á fi lọ.

Òkè gbígbẹ: kúlíkúlí, dọ̀ǹkúwà, dàbínù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn

Àwọn kan máa ń yínmú sí èyí pé oúnjẹ ẹ̀bá títì ni. Wọn ò tíì rí i tí wọ́n tò ó dáadáa ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó máa gbé e. Ní Dàda, ní Òkèlele, àwọn obìnrin amọ̀kòkò ṣì ń mọ oríṣiríṣi ìkòkò àti àwo amọ̀. Àwo fífẹ̀ kan láti ibẹ̀ lórí aṣọ òfì tí wọ́n hun ní Ìlọrin, iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ti parí dé ìdajì kí ẹ tó fi oúnjẹ kankan lé e. Amọ̀ tí a kò kùn máa ń fi eruku rẹ̀ sára nǹkan, nítorí náà ẹ fi ewé eéran tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti fọ̀ tí a sì ti nù gbẹ tẹ́ inú rẹ̀. Ewé tútù yẹn náà ló máa fún yín ní àwọ̀, nítorí àléébù òkè gbígbẹ kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo rẹ̀ ló pọ́n bí igi.

Kúlíkúlí tó rí roboto bí òrùka ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tó rí gbọọrọ. Ẹ gbé igi sùyà kan dúró ní àárín, kí ẹ máa fi òrùka náà kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, ńlá sísàlẹ̀, kékeré sókè. Ẹ tò dọ̀ǹkúwà yí ìdí rẹ̀ ká, nítorí roboto ni òun náà, kò sì ní yí lọ bí ẹ bá tì í mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gúrúńdì, òfìo gbígbẹ, àti dàbínù. Dàbínù ló máa fún un ní iyì, pàápàá níbi yìgì tàbí wòlímọ̀ tí àwọn àgbà Mùsùlùmí jókòó sí. Àlhájà tí kò ní fọwọ́ kan kúlíkúlí nítorí eyín máa mú dàbínù méjì.

Ní ti àwọ̀, èso odindi ni kí ẹ fi tún un ṣe, kì í ṣe èso gígé. Ọsàn tí a kò bó, ìgbá funfun, àgbálùmọ̀ nígbà tirẹ̀. Èèpo wọn ṣì wà lára wọn, nítorí náà aago ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi àgbọn tútù gígé funfun sí i. Ó máa dára nínú fọ́tò, kúlíkúlí tó bá sì fara kàn án máa rọ̀.

Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó rà á, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀pà tí epo rẹ̀ ti ń rùn ti pẹ́ lórí igbá. Ẹ̀pà tó bu kì í ṣe ohun à ń gbọ̀n nù ká tún jẹ: májèlé tí èébu ẹ̀pà ń mú wá kì í kú sínú iná, yíyan ò lè mú un kúrò, epo gbígbóná ò lè mú un kúrò. Lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti rà á, yálà ní Ọjà Ọba tàbí ládùúgbò yín.

Ohun méjì mìíràn kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀pà odindi lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 lọ́fun, àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu rárá débi tí èémí wọn á fi há. Ẹ fi páálí kékeré kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀pà wà níbí. Dọ̀ǹkúwà ní ata. Bí ọ̀pọ̀ àlejò yín bá jẹ́ ọmọdé, ẹ bá oníṣòwò sọ ọ́ ṣáájú kó dín in kù.

Tí ẹ bá tò ó ní alẹ́ Jímọ́ọ̀ fún ìnáwó ọjọ́ Sátidé, ẹ bò ó dáadáa, ẹ wá sùn. Igi èso àti wàrà kò ní jẹ́ kí ẹ sùn.

Wàrà

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. A ò lè sọ̀rọ̀ oúnjẹ Ìlọrin kí á má dárúkọ wàrà.

Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é: wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé bọmubọmu sí i kó lè dì, wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè ro. Apẹ̀rẹ̀ yẹn ló fún un ní ìrísí rẹ̀, ìyẹn sì ni ẹwà tí ẹ fẹ́ lò. Bí ẹ bá tò ó jọ, funfun lórí funfun, lórí ewé tútù, pẹ̀lú dàbínù dúdú láàárín rẹ̀, ojú àwọn àlejò kò ní kúrò níbẹ̀. Lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè Benin, wàgàsì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń fi pòpòrò ọkà bàbà pa ara rẹ̀ láró pupa. Ẹni tó bá ń ti apá Baruten, lẹ́bàá ààlà ibẹ̀, bọ̀ lè bá yín mú un dání.

Ṣùgbọ́n wàrà tútù ló burú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a bá fi aago wò ó. Inú omi rẹ̀ ló ń gbé. Bí ẹ bá ti yọ ọ́ sórí àwo, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ tó tutù, wákàtí 2. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́sàn-án, wákàtí 1, mi ò sì ní fi í síwájú aláboyún tàbí ọmọ ọwọ́ láìjẹ́ pé wọ́n dín in. Dídín ti di iná, ọ̀rọ̀ wa ò sì dé ibẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tó ń ba igi èso oníwàrà jẹ́. Ẹ má gún wàrà àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó mọ́ orí igi kan náà sílẹ̀. Omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù máa ń jẹ ara wàrà, a sọ ọ́ di rírọ̀, a sì sọ ọ́ di kíkorò. Ìbẹ́pẹ náà ní irú agbára yẹn. Òun ni àwọn alásè fi ń mú ẹran tó le rọ̀. Wọ́tàmẹ́lọ̀n, dàbínù àti kùkúmbà kò ní bá wàrà jà.

Ìgbà tí wàrà tó gbé sí àárín tábìlì ni ìgbà tí àwọn àlejò kò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ, nínú ilé, tí gbogbo wọn ti jókòó kí ẹ tó gbé e jáde.

Ká fi wọ́n kojú ara wọn

Ní ti iye wákàtí tó lè dúró, òkè gbígbẹ ló ṣáájú, kò tilẹ̀ sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Wọ́tàmẹ́lọ̀n fínfín tẹ̀ lé e, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá tíì là á. Igi èso àti wàrà jọ wà lẹ́yìn.

Ní ti owó, kò sí iye kan tí mo lè kọ síbí tó máa ṣì jẹ́ òótọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tí owó ń gbà sọnù. Igi èso tó bá ṣẹ́kù, ààtàn ló ń lọ. Òkè gbígbẹ tó bá ṣẹ́kù, ẹ máa dì í fún àwọn tó wá fọ àwo, ẹ máa rí i jẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, bí òkè gbígbẹ bá tilẹ̀ gbówó lórí lọ́jọ́ tí ẹ ń rà á, ó lè dín owó kù ní gbẹ̀yìn.

Ní ti ọwọ́ tó máa ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo lè fín wọ́tàmẹ́lọ̀n mẹ́ta lálẹ́ kan. Igi èso ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìnáwó gan-an, nígbà tí gèlè kò tíì wà lórí ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ ń bèèrè ilé kékeré tí wọ́n ń fi bísíkíìtì àti súìtì kọ́? Ọjọ́ ìbí ọmọdé nìkan ló wà fún. Ó ń dúró pẹ́, èèrà fẹ́ràn rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Èwo fún ìnáwó wo

Fún yìgì tàbí wòlímọ̀ lábẹ́ kánópì, lọ́sàn-án, òkè gbígbẹ pẹ̀lú èso odindi. Mi ò ní yí ohùn padà lórí èyí, ohun yòówù tó bá wà lórí fóònù ẹni tó ń ṣe dẹkọréṣọ̀n fún yín.

Fún ìsọmọlórúkọ tí ẹ ń ṣe ní àárọ̀ kùtù, wọ́tàmẹ́lọ̀n tí a fín orúkọ ọmọ sí. Ẹ bò ó títí wọ́n á fi pe orúkọ náà kẹ́ ẹ tó ṣí i, kí èèpo wọ́tàmẹ́lọ̀n má baà ṣáájú bàbá ọmọ. Bí ìsọmọ náà bá bọ́ sí ìgbà òjò tí wọ́tàmẹ́lọ̀n ti wọ́n, ìbẹ́pẹ ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pọ́n ṣeé fín bákan náà.

Fún ìdáná nínú pálọ̀, tí àwọn ẹbí méjèèjì jókòó kojú ara wọn, wàrà àti dàbínù, nítorí ẹ mọ ìgbà tí alága ìjókòó máa ní kí wọ́n gbé nǹkan wá. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi rẹ̀ nínú kúlà títí dìgbà náà.

Igi èso ńkọ́? Òun náà ní ọjọ́ tirẹ̀, mo sì rò pé òun ló dára jù níbẹ̀: ìṣínu ààwẹ̀. Kò sí àpéjọ mìíràn lọ́dọ̀ wa tí gbogbo ènìyàn ti mọ ìṣẹ́jú tí wọ́n máa jẹun. Oòrùn ti wọ̀, ooru ti rọlẹ̀, ẹnu gbogbo àwọn tó jókòó ti gbẹ, omi èso sì ni wọ́n fẹ́. Ẹ gé èso ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ kó o sínú kúlà pẹ̀lú omi dídì lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gún un mọ́ kábéèjì bí ó bá ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n pe ìrun mọ̀gáríbì. Ẹ fi dàbínù sí ìdí rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Nígbà tí wọ́n bá fi kírun tán padà, ẹ ṣa igi ìtayín jọ, ẹ kà á bóyá ó pé, kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ẹní.